Adágún Tí Kò Tíì Lómi

Ilé mẹ́rìnlélógún ni mo ti gbé ní Àbújá,
n kò san owó ilé kan rí.
Bí ilé bá ti rí òrùlé, tí kò tíì rí ilẹ̀kùn,
èmi Láògún ọmọ Ìkìrun ti dé nìyẹn,
èmi, ẹni tó ń to táìsì.
Balùwẹ̀ ni mo máa ń sùn.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà ọyẹ́,
yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kéré jù ni ààfin.

Ti Guzape, ìkẹtàlélógún, yàtọ̀.
Ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ àpáta, wọ́n gbẹ́ kòtò ìlúwẹ̀ẹ́,
wọ́n rẹ́ ẹ ní sìmẹ́ǹtì,
owó tán lọ́wọ́ onílé, ó gba Dùbáì lọ.
Ọdún mẹ́rin. Adágún tí kò fojú kan omi
àfi ti òjò,
ìyẹn náà, Tanimu á fi garawa gbọ́n ọn kó tó kírun àárọ̀.

Níbi tó jìn, tí atẹ́gùn ò ti lè pa iná,
Shekwolo ń se kunu.
Èjìká ló fi ń gbé igi ìdáná wá láti abúlé,
àwọn tirẹ̀ kì í fi orí ru ẹrù:
"Ọba ni orí. Ta ní ń di ẹrù lé ọba?"
Èmi tí ìyá mi fi orí ru yẹ̀pẹ̀
títí mo fi mọ ìwé kà,
n kò rí èsì fọ̀.

Níbi tí kò jìn, Tanimu ń fá irun fáwọn bíríkìlà,
ó so dígí rẹ̀ mọ́ irin àkàbà
tó yẹ kí olówó dì mú bó bá ń jáde nínú omi.
Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù.
Ibi yòówù kí wọ́n gbá a sí,
ìdí ìkòkò kunu ló ń yí lọ,
èébú Shekwolo á sì tẹ̀lé e padà.

Ohùn ń pọ̀ nínú kòtò yẹn.
Ẹni méje á sọ̀rọ̀, á dún bí ìlú.

Lálaalẹ́ mò ń ka iná ilé tuntun lórí òkè:
mọ́kànlá. Mẹ́rìnlá. Ogún.
N kò ka ti abúlé, ìyẹn ń dín.
Ní ọjọ́ kan wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ilé Shekwolo,
àmì bí àgbélébùú tó fẹ́ ṣubú.
Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi kerosíìnì fọ̀ ọ́.
Ògiri ló ń lọ, àmì dúró.

Onílé dé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ká sòótọ́,
ó ra búrẹ́dì fún gbogbo wa.
Ó ní, "Láògún, táìsì aláwọ̀ aró, kó parí kọ́dún tó yí."
Mo tò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni,
n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìdàkudà.
Èéfín ti wọnú sìmẹ́ǹtì níbi ìdáná,
mo ha á, mo ha á, kò tán,
mo lẹ táìsì lé e lórí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí tánkà já omi sílẹ̀, a dúró létí.
Omi náà kọ́kọ́ yí lọ síbi ìkòkò,
bíi bọ́ọ̀lù.
Tanimu tú dígí rẹ̀.

Ní Ẹrẹ́nà mo gba ibẹ̀ kọjá.
Máígáàdì tuntun ní ta ni mò ń wá.
Mo ní kò sí.
Ẹnì kan bẹ́ sómi lẹ́yìn ògiri, jàbú,
mo dúró, mo ń retí kí ìró náà padà.

Katampe ni mo wà báyìí.
Wọn ò tíì gbé ilẹ̀kùn dé.